Ta Ni Yóò Rán Ìyá Létí? Ọ̀rọ̀ Lórí HIV àti Ọpọlọ Àgbàlagbà

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọmọ wọn ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ló ti ìsọ̀ yín pa kí ẹ tó lè wá síbí, ẹ ṣeun púpọ̀. Nígbà tí àwọn tó pe ìpàdé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera àgbàlagbà, mo ní HIV àti ọpọlọ ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn, ṣé kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ló ni ín? Ìbéèrè yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó yẹ ká sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ọdún 1981 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí rẹ̀. Ní 1983, wọ́n rí kòkòrò tó ń fà á ní ilẹ̀ Faransé, fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní HIV. Nígbà tó máa fi di 1986, ìjọba Nàìjíríà ti kéde pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera nígbà náà, àwọn tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde tó wà nítòsí wa yìí lọ́dún 1927. Nígbà tí Fẹlá, àbúrò wọn, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, àwọn náà ló jáde sí gbangba, tí wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa á. Lásìkò tí ẹbí ń fi irú ikú bẹ́ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ “àìsàn ránpẹ́”, ìgboyà ńlá nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn, nítorí n ó padà sórí ọ̀rọ̀ kí ènìyàn sọ ọ́ jáde.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní in, ìsìnkú rẹ̀ ni ẹbí ń múra sí. Ní 1996 ló hàn ní òkè òkun pé bí wọ́n bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀, fáírọ́ọ̀sì náà á rọlẹ̀, àwọn sójà ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà nínú ara, á tún gbéra. Ìjọba wa bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà ní 2002, N1,000 lóṣù ni aláìsàn ń san. Ní 2006 ó di ọ̀fẹ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìyá tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní 2004 nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 48 ti ń sún mọ́ 70 báyìí. Wọ́n ti sin ọmọ lọ sílé ọkọ, wọ́n ti pọn ọmọ-ọmọ. Oògùn náà ṣe ohun tí a fẹ́ kó ṣe: ó jẹ́ kí wọ́n dàgbà. Ọjọ́ ogbó yẹn ni a ò múra sílẹ̀ fún. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, èyí tó fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 ènìyàn ló ń gbé pẹ̀lú HIV, ọmọ ọdún 64 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ parí sí. Ẹni ọdún 65 kò sí nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣètọ́jú HIV, láti 50 ni a ti ń ka ènìyàn sí àgbà.

Nínú ilé, tí iyè àgbàlagbà bá ń ra, àwọn kan á ní ọjọ́ orí ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan á ní wọ́n ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn á wo orogún tàbí ìyàwó ọmọ, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń ṣe nínú orí.

Kì í dúró sínú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tó bá wọ ara ló ti ń wá ọ̀nà dé ọpọlọ. Àwọn oníwádìí ní Thailand rí i nínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, lára ẹni tí wọ́n ṣírò pé kò tíì ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ tó kó o. Ọpọlọ kì í gba gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láàyè láti wọlé, ṣùgbọ́n ó ń gba àwọn sójà ara láàyè, inú wọn sì ni fáírọ́ọ̀sì náà sá sí tó fi ráyè wọ ibẹ̀. Tó bá débẹ̀, kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí à ń fi ronú. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ ló ń gbé. Àwọn olùṣọ́ yìí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú oje ìjà jáde lójoojúmọ́, oje yẹn ló sì ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tí à ń fi ronú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oògùn ń tẹ fáírọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn tó ń lé gbogbo rẹ̀ jáde níbi tó fara pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ìjà náà fi lè máa lọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ọpọlọ ẹni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára.

Ibi tó ń fara gbá a jù ni ìsàlẹ̀ àárín ọpọlọ, àti àwọn okùn funfun tó ń gbé ìròyìn láti apá kan lọ sí apá kejì. Ẹ̀yin ará Ṣàgámù ló yẹ kí èyí yé jù. Ẹ mọ oríta wa, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin. Bí ojú ọ̀nà ibẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí ilé tó wó l'Ékòó, kò sí ọjà tó jó n'Íbàdàn, obì wà nínú àpò rẹ̀, epo wà nínú táńkà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ló máa pẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ tí HIV ti bá jà. Ohun tí ìyá mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ń pẹ́ kó tó dé ẹnu wọn ni.

Nítorí náà, ẹ má fi ìgbàgbé nìkan ṣọ́ wọn. Ẹ ṣọ́ ohun tó ti ń yá lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ tó wá ń falẹ̀. Ìyá tó ń ta gààrí, tí ṣéńjì máa ń délẹ̀ lọ́wọ́ wọn kí oníbàárà tó gbé ọ̀rá rẹ̀, wá dúró tí wọ́n ń ka owó, wọ́n tún un kà, oníbàárà ti ń fa ojú ro. Bàbá tó ti wakọ̀ ọgbọ̀n ọdún wá ń tẹ bíréèkì nígbà tó ti pẹ́ jù. Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Kò sí ìyá Rẹ́mọ tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń se é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: à ń rin ewùrà, ata ń hó lórí iná, à ń ṣa egungun ẹja gbígbẹ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń falẹ̀ á mú ọ̀kan, á fi èkejì sílẹ̀, ata á jóná. Ẹ ó tún rí i lára ẹsẹ̀ àti ọwọ́: ìrìn á lọ́ra, bọ́tìnnì á ṣòro dè, ìkọ̀wé á yí padà. Nígbà mìíràn, ìwà ló máa kọ́kọ́ hàn. Ẹni tó máa ń dá pàárá wá á dákẹ́, ohun tó ń wù ú tẹ́lẹ̀ ò ní í wù ú mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí Ojúde Ọba ń bọ̀ tí kò wù ú láti lọ sí ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí ohun tó ṣe é.

Irú ìgbàgbé tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Alzheimer, yàtọ̀ sí èyí níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ìyẹn á bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan. Tí ẹ bá rán an létí, kò ní í rántí pé ẹ ti sọ ọ́ rí. Ti HIV, bí ẹ bá fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n sábà máa ń rí ìyókù mú jáde. Ìrántí kékeré láti ẹnu ẹlòmíràn lè gbà wọ́n. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn dúró sí yín lọ́kàn.

Ẹ má jẹ́ kí n dẹ́rù bà yín o. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde ní 2010, ènìyàn 1,555 tó ní HIV ni wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò ṣe dáadáa tó nínú àyẹ̀wò ọpọlọ. Àwọn èèyàn gbọ́ ìdajì, wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: lára àwọn tí kò ní ìdí mìíràn tó le gan-an tó lè ba ọpọlọ wọn jẹ́, ìdá 33 nínú 100 ni àyẹ̀wò mú tí wọ́n sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn láìsí wàhálà; ìdá 12 ni ó ti ń ṣòro fún díẹ̀; ìdá 2 péré ni ti wọn le débi tí wọn ò fi lè dá ṣe nǹkan. Ṣáájú kí oògùn tó dé, irú èyí tó le yìí pọ̀ gan-an. Ní 2023, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ yìí jọ kọ̀wé pé òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ti ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní nǹkan kan ní aláìsàn, àti pé máàkì àyẹ̀wò nìkan ò tó láti fi sọ pé ọpọlọ ẹnìkan ti bàjẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn, nítorí mo mọ ohun tí àyẹ̀wò oníwèé lè sọ ìyá tí kò rí ilé-ìwé lọ dà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé lọ́dún náà ti lé ní 75 báyìí. Ẹ̀kọ́ yẹn ò pin síbi ìwé kíkà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní fi hàn pé ilé-ìwé téèyàn lọ ní kékeré wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ le fún ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti dàgbà jù nígbà náà, àti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi sílẹ̀ láti bá ìyá wọn tajà, wọn ò rí i gbà. Bí ẹ bá gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ẹni tó gboyè ní Amẹ́ríkà síwájú irú ìyá bẹ́ẹ̀, wọ́n á kùnà, kì í sì í ṣe àìsàn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn mọ èyí tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Òsúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, ṣe àyẹ̀wò ìgbàgbé tó bá ẹni tí kò kàwé mu, wọ́n fi yẹ àwọn àgbàlagbà Yorùbá wò. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2001, ó hàn pé àrùn ìgbàgbé tuntun láàárín Yorùbá kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis: ìdá 1.35 nínú 100 lọ́dún fún wa, 3.24 fún wọn. Ohun tó wú mi lórí jù nínú àyẹ̀wò náà ni pé kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Wọ́n máa ń bi ẹni tó ń bá wọn gbé pẹ̀lú: báwo ni wọ́n ṣe rí lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n ń ṣe tí wọn ò ṣe mọ́? Ẹni tó ń bá wọn gbélé rí ohun tí dókítà ò lè rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú àyẹ̀wò kékeré kan tí wọ́n ṣe nítorí HIV, tí wọ́n gbé jáde ní 2005 lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò ní Baltimore àti ní Kampala. Kò gba ìwé, kò gba bírò. Mo fẹ́ dárúkọ nǹkan mẹ́rin: ajá, fìlà, ẹ̀wà, pupa. Ẹ tún un sọ. Ó dáa. Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka tí ẹ fi ń júwe nǹkan kan ara wọn, kí ẹ ṣí wọn gbàràgàdà, kí ẹ tún pa wọ́n pọ̀, kí ó yá bó bá ṣe lè yá tó. Ọwọ́ tí ẹ kì í fi jẹun ni kí ẹ fi ṣe é. Márùndínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni máàkì tó pé. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sórí tábìlì, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dúró, ẹ tún un ṣe lọ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, kí ni àwọn nǹkan mẹ́rin yẹn? Mo gbọ́ “ajá”. Mo gbọ́ “fìlà”. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 12. Ẹni tó bá gba 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Ẹ má fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nílé. Àtàǹpàkò tó ń dunni lásán lè mú kí èèyàn pàdánù máàkì. Mo jẹ́ kí ẹ ṣe é kí ẹ lè rí i pé bí nǹkan ṣe ń yá sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìrántí nìkan.

Mo sọ pé fáírọ́ọ̀sì ń bá ọpọlọ jà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ogbó kì í dá jà. Ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, bí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 sí 2008, àpá ọjọ́ yẹn lè ṣì wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wá bá a níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ wá bá a. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ inú ọpọlọ á máa dí lọ́kọ̀ọ̀kan, rọpárọsẹ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ á máa ṣẹlẹ̀. Mo ti rí ẹni tí kò pa oògùn HIV jẹ rí, tí kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, nítorí pé “àìsàn ńlá” yẹn ti gba gbogbo àníyàn rẹ̀. Tí ẹ bá lọ gba oògùn, ẹ ní kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò. Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023 fún àwọn tó ní HIV, tí wọ́n wà láàárín ọdún 40 sí 75, ní oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi ìdá 35 nínú 100 dín kù láàárín wọn. Ẹ bi dókítà yín bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ yẹ yín.

Àwọn nǹkan kan wà tó ń jọ ìṣarán tí kì í ṣe òun. Ìsoríkọ́ ni ọ̀kan, ó sì pọ̀ láàárín àwọn opó wa. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti mu á máa falẹ̀, kò ní í lè fọkàn sí nǹkan, tí wọ́n bá sì tọ́jú ìsoríkọ́ náà, ojú á là. Etí tó di wà níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ ó rò pé ó gbàgbé ni. Oògùn oorun tí a ń rà ní kẹ́míìsì wà níbẹ̀, àti chlorpheniramine tí gbogbo wa mọ̀ sí Piriton, tí àgbàlagbà ń lò lálaalẹ́ kí oorun lè kùn wọ́n: ó ń da ọpọlọ àgbàlagbà rú. Ọtí wà níbẹ̀, àti àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Àìtó fítámì B12 àti àìsàn ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) náà wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa fi wọ́n hàn. Àwọn oògùn HIV àtijọ́ pẹ̀lú: efavirenz máa ń mú àlá burúkú àti òòyì wá fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sí dolutegravir láti nǹkan bí 2019.

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń gbé pẹ̀lú HIV ní Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ẹnìkan nílé wọn tó mọ̀. Ọkọ tó mọ̀ ti kú. Wọn ò sọ fún ọmọ. Àwọn kan ń wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn lọ gba oògùn kí ojúlùmọ̀ má bàa rí wọn níwájú klíníìkì. Wọ́n ń tú oògùn kúrò nínú ike rẹ̀, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ń fi í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Mi ò bá wọn wí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àṣírí yẹn ló dáàbò bò wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ á pàdánù oníbàárà, á pàdánù ọkọ, wọ́n á ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Orí tó pé ló ń pa àṣírí náà mọ́: orí náà rántí oògùn, ó rántí ọjọ́ klíníìkì, ó rántí irọ́ tí wọ́n pa fún ọmọ nípa ibi tí wọ́n lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí orí náà bá ń falẹ̀? Ìyá gbàgbé oògùn lánàá. Wọ́n gbàgbé lónìí. Kò sí ẹni tó lè bèèrè, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ohun kan wà láti bèèrè. Fáírọ́ọ̀sì á gbéra, á tún bá ọpọlọ jà sí i, wọ́n á túbọ̀ máa gbàgbé. Àwọn ọmọ á rí ìyá tó ń ṣe ségesège, wọ́n á gbé wọn lọ sílé àdúrà, wọ́n á wà níbẹ̀ fún oṣù méjì, oògùn wà nínú àpótí nílé. Tàbí kí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, kí wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn, kí dókítà bi ọmọ pé oògùn wo ni ìyá yín ń lò, kí ọmọ fi òótọ́ inú sọ pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni. Kò purọ́. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń kọ mí lóminú. Ní báyìí, ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lè gba oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ó dára, owó mọ́tò dín kù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń rí wọn lóṣooṣù, tó lè sọ pé “Màámà, kí ló dé tí ẹ ò tètè dá mi lóhùn lónìí?”, kò rí wọn mọ́ fún ìdajì ọdún. Ojú tó ń wò wọ́n níta ti dín kù, ojú kankan ò sì sí nínú ilé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mi ò ní kí ẹ na ọwọ́ sókè, mi ò sì fẹ́ mọ̀ yín. Nísinsìnyí tí orí yín pé ni kí ẹ yan ẹnìkan. Kò pọn dandan kó jẹ́ àkọ́bí. Ẹ wo ẹni tí kì í tú àṣírí kiri, tó ń bẹ̀ yín wò, ìbáà jẹ́ àbúrò, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ inú ìjọ. Ẹ mú un lọ sí klíníìkì, kí nọ́ọ̀sì bá yín ṣàlàyé, kí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì yín. Ẹ fi oògùn hàn án. Ẹ fi ibi tí ẹ ń fi í sí hàn án. Ẹ ra ike oògùn tó ní ojúlé ọjọ́ méje, èyí tó jẹ́ pé tí ti ọjọ́rú bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ẹni tó bá ṣí i á mọ̀. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ kì í pa jẹ, ìrun àsùbáà tàbí àdúrà òwúrọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, tí ìyá tàbí bàbá yín bá pè yín jókòó tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ má bèèrè ibi tí wọ́n ti kó o. Ẹ bèèrè àkókò tí wọ́n ń lò ó. Ẹ bá wọn jẹun nínú abọ́ kan náà bí ẹ ṣe ń ṣe. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá a lò pọ̀ pàápàá, ká má tíì sọ ọmọ-ọmọ tó jókòó lẹ́sẹ̀ wọn.

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà pọ̀. N ó kọ mẹ́ta sílẹ̀.

Ìyá kan ní: “Dókítà, ẹni tí mo bá sọ fún, tó bá lọ tú u síta ńkọ́?” Mo ní Màámà, ẹ̀rù yẹn tọ́. Òfin Nàìjíríà ti 2014 kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fi HIV dá ènìyàn dúró níbi iṣẹ́ tàbí kó fi dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ò lè di ẹnu àwọn ará àdúgbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Tí kò bá sí ẹnìkan nílé tí ọkàn yín balẹ̀ sí, ẹ bi klíníìkì yín. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ní àwọn tó ti ń gbé pẹ̀lú HIV tipẹ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pe ẹlẹgbẹ́ wọn lórí fóònù.

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì bèèrè bóyá ọpọlọ tó ti bàjẹ́ lè padà. Mo ní àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tọ àwọn 436 lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Nínú 100, bíi 61 dúró sójú kan, 23 lọ sílẹ̀, 16 sàn ju bí wọ́n ṣe wà lọ. Èyí tó ti di àpá lè má padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kó máa burú sí i, ó sì ń sàn fún àwọn kan.

Ìyá kejì ní àwọn ń lo ẹ̀jẹ̀ tónìkì ní gbogbo àárọ̀ pẹ̀lú oògùn náà lórí òfo, ṣé ó burú? Mo dúpẹ́ pé wọ́n bi mí. Áyọ́ọ̀nù inú tónìkì àti kálísíọ̀mù máa ń so mọ́ dolutegravir nínú ikùn, oògùn náà ò ní í wọ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ lò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ìyẹn ò léwu. Tàbí kí ẹ lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú tónìkì, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn funfun tí a ń mu fún inú rírun, oúnjẹ ò yanjú tirẹ̀, àlàfo wákàtí yẹn ni kí ẹ pa mọ́. Ẹni tó sì ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, kí ó jẹ́ kí dókítà HIV rẹ̀ mọ̀, nítorí dolutegravir ń jẹ́ kí metformin pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè ní láti dín in kù. Màámà, ẹ kó gbogbo ìgò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín sínú báàgì lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ, kí ẹ tú u kalẹ̀ níwájú wọn.